Àtè Ẹ̀gẹ́ Tí Kì í Tètè Bu

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oyin, ẹ lẹ ìwé orúkọ yín mọ́ ara ìgò. Òjò dé. Ìwé bu, ó sì ṣí kúrò. Báwo ni oníbàárà yóò ṣe mọ̀ pé oyin yín ni?

Àtè tí a fi ògì ẹ̀gẹ́ sè ń lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ẹ̀gẹ́. Bí àwa ti ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èébu àti aáyán ń jẹ ẹ́.

Ẹ mọ ògì ẹ̀gẹ́: ohun funfun tó ń dúró sí ìsàlẹ̀ igbá nígbà tí a bá fọ ẹ̀gẹ́ tí a rin. Omi orí rẹ̀ lè ní oró. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu ún.

Ẹ sá ògì náà kí ó gbẹ. Ẹ fi ife omi tútù 1 po ife ògì 1. Ẹ gbé ife omi 4 kaná pẹ̀lú kànáfùrù bíi 10. Tó bá hó, ẹ yọ kànáfùrù kúrò. Ẹ da ògì sínú omi gbígbóná náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Bí ó bá ṣì funfun, kò tíì jinná, kò sì ní lẹ̀. Ẹ dúró títí yóò fi mọ́ gaara.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ ó tó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 1 sí i. Bí ẹ bá sè é pẹ̀lú ọsàn, àtè yóò ṣàn bí omi. Àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ ń fa omi nígbà òjò. Èmi kì í lò ó.

Fún ìgò, álọ́ọ̀mù lílọ̀ ṣíbí kékeré 1 dára ju ọsàn lọ. Òun ni òkúta funfun tí a fi ń mú kí omi mọ́. Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ń fi í sí ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ, ẹ̀kọ yẹn sì gbọ́dọ̀ fara da omi aró. Wọ́n tún ń fi òkúta búlúù kan sí i. Oró ni ìyẹn, ẹ má mú un wọlé.

Álọ́ọ̀mù ń ba ìwé jẹ́ bí ọdún ti ń lọ. Bí ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ bá ya, ẹ má fi í lẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó lẹ ìwé mọ́ gbogbo ìgò, ẹ lẹ 2 péré. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi fún ọjọ́ 3, kí ẹ wò wọ́n.