Onílé àti Ayálégbé: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Nínú Ìwé

Púpọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ti di onílé. Ẹlòmíràn fi owó kòkó ṣe ìpìlẹ̀, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni ó fi kan òrùlé. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ti ń gba ilé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà tipẹ́. Láti bí ọdún 2000 tí yunifásítì ti wà ní Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ohun tí ó sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín wa àti wọn kì í ṣe owó. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa owó ni.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Onílé ń gbé Èkó, ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀kà. Ó rán àbúrò rẹ̀ pé kí ó sọ fún ayálégbé pé owó ilé yóò lé sí i. Àbúrò kò bá a nílé, ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ gbàgbé. Nígbà tí oṣù pé, onílé ní ayálégbé ya alágídí, ayálégbé ní onílé fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Wọ́n di èrò àgọ́ ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ gbèsè owó ilé kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá rárá.

Nínú ẹgbẹ́ wa, akọ̀wé kì í gba owó ẹnikẹ́ni láìkọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé pẹ̀lú. Kí ẹ tó fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ àdéhùn ní ẹ̀dà méjì: iye yàrá, iye owó, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí yóò san owó iná, ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe. Bí ẹnì kan kò bá mọ̀wé, kí a kà á sí i létí ní èdè tí ó gbọ́, kí ẹni tí ó bá a kọ ọ́ sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Òfin ni ó béèrè bẹ́ẹ̀.

Rìsíìtì ńkọ́? Iye owó nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ. Ẹ kọ ọ́ pé láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀tù yóò ti mọ̀ bóyá olóṣooṣù ni ayálégbé tàbí ọlọ́dọọdún. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, nótíìsì oṣù kan ni ti olóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni ti ọlọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ 7, tí ó ń sọ pé onílé ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ ilẹ̀kùn tàbí tí ó tú páànù lórí ayálégbé ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́jọ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba ní ọdún 1997 pé onílé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ènìyàn jáde.

Ìwé kò ní kí a má kí ara wa. Ayálégbé mìíràn tó bàbá onílé bí. Ẹ kí i kí ẹ tó dárúkọ owó, ẹ má sì pariwo gbèsè rẹ̀ lójú aya àti ọmọ rẹ̀. Bí òun náà bá ní òrùlé ń jò, “a ó wò ó” kì í ṣe èsì. Ẹ dá ọjọ́ tí káfíńtà yóò dé fún un.

Ní ti ẹni tí ó ń gbé ìlú mìíràn, kí ó kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sínú àdéhùn tí yóò máa gba owó, tí yóò sì máa jíṣẹ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ó tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí déètì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé nótíìsì, ọwọ́ ayálégbé fúnra rẹ̀ ni kí a fi lé, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òun gbà á.