Èdè Jámánì: ‘-e’ ni àbí ‘-en’? Ibi tí ọ̀rọ̀ abo ti ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú

Nínú èdè Yorùbá, ‘ilé kékeré’ ò yàtọ̀, yálà èèyàn ń wá a ni, ó ń gbé inú rẹ̀ ni, tàbí ó ń kó kúrò níbẹ̀. ‘Kékeré’ kì í yí padà. Ti Jámánì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń múra ìdánwò èdè náà sílẹ̀, bóyá torí àtilọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀, bóyá torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lè pàdánù máàkì síbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ọ̀rọ̀ orúkọ Jámánì sí: akọ, abo, àti èyí tí kò sí nínú méjèèjì. Tábìlì, ‘der Tisch’, jẹ́ akọ. Ilẹ̀kùn, ‘die Tür’, jẹ́ abo. Ọmọdébìnrin gan-an, ‘das Mädchen’, kì í ṣe abo! Àwọn ọ̀rọ̀ tó parí sí -heit, -keit, -schaft tàbí -ung sábà máa ń jẹ́ abo, bíi ‘die Wohnung’, ìyẹn ilé tí èèyàn ń gbé.

Tí ọ̀rọ̀ abo bá ń ṣe nǹkan, tàbí tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí i, ‘-e’ ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe máa gbà:

‘Die kleine Wohnung ist teuer’: ilé kékeré náà wọ́n.
‘Ich suche eine kleine Wohnung’: mò ń wá ilé kékeré kan.

Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bíi ‘mit’, ‘aus’, ‘von’ tàbí ‘zu’ bá ṣáájú, tàbí ‘in’ tó ń sọ ibi tí èèyàn wà, ‘die’ á di ‘der’, ‘eine’ á di ‘einer’, ọ̀rọ̀ àpèjúwe á sì gba ‘-en’:

‘Ich wohne in einer kleinen Wohnung’: inú ilé kékeré kan ni mò ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ ti níní: ‘die Tür der kleinen Wohnung’, ilẹ̀kùn ilé kékeré náà.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí. ‘Der’ yìí jọ ‘der’ ti akọ, akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ ‘in der kleine Wohnung’. Àṣìṣe ni, ‘kleinen’ ló yẹ.

Tí kò bá sí ‘die’ tàbí ‘eine’ níwájú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àpèjúwe fúnra rẹ̀ ló máa ru ẹrù wọn. ‘Frische Milch’ ni mílíìkì tí kò tíì pẹ́, àmọ́ ‘mit frischer Milch’ ni tí ‘mit’ bá ṣáájú.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe há ‘Wohnung’ nìkan sórí, ‘die Wohnung’ ni kó há. Kó sì fi gbólóhùn méjì yẹn, ti ẹni tó ń wá ilé àti ti ẹni tó ti rí i gbé, sẹ́nu títí á fi mọ́ ọn lára.