'Ojú Ọmọ Mi Pọ́n': Èdè Yorùbá àti Àyẹ̀wò Àrùn Ẹ̀dọ̀ Ọmọdé

Bí ìyá kan láti Ògùnpa bá gbé ọmọ rẹ̀ dé UCH n'Íbàdàn, tí ó ní 'Ojú ọmọ mi pọ́n', kí ni ògbufọ̀ yóò sọ fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá? Ìbéèrè yìí kan àwa olùkọ́ èdè, nítorí láti kíláàsì wa ni nọ́ọ̀sì àti dókítà ọ̀la yóò ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ya gbólóhùn méjì sọ́tọ̀. Nínú 'Ojú pọ́n ọmọ náà', àbọ̀ ni 'ọmọ náà'. Ìyà ni à ń sọ. Nínú 'Ojú ọmọ náà pọ́n', ẹ̀yán ni ó jẹ́ fún 'ojú'. Àwọ̀ ẹyinjú ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ wo? Pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni epo, a sì tún ń sọ pé pupa ẹyin. Ojú tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ àrùn ojú lásán. Èyí tí ó pọ́n bí pupa ẹyin ni ibà pọ́njú.

Àwọn àgbà a máa ní kí ènìyàn fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Lóòótọ́, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, tí omi náà ń ṣàn lọ sínú ìfun. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, tàbí tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, àwọ̀ rẹ̀ yóò kún inú ẹ̀jẹ̀: ojú àti ìtọ̀ yóò pọ́n, ìgbẹ́ sì lè funfun bí ẹfun. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà a máa mú ojú pọ́n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni dókítà fi ń béèrè pé:

(i) Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ṣe rí?
(ii) Ṣé inú ọmọ wú? Ṣé ara ń yún un?
(iii) Ṣé ó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ó ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà? Ṣé oorun ń kùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ?

Lẹ́yìn èyí, yóò fọwọ́ kan abẹ́ ìhà ọ̀tún bóyá ẹ̀dọ̀ tóbi tàbí ó le, yóò sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dọ̀ lè máa bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú tó pọ́n rárá. Nínú ọmọ ọwọ́ 10 tí kòkòrò hẹpatáítísì B bá wọ ara wọn, bí 9 ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára èyí tí ìjọba Nàìjíríà ń fún ọmọdé. Láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba àkọ́kọ́.

Ní ti ìkókó tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Bí ọ̀nà òróòro bá dí láti inú oyún, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ a máa yọrí sí rere jù kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ 'pọ́n' sí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, oògùn ojú ni wọn lè fún un, ọjọ́ yóò sì máa lọ.

Ní ìkádìí, nígbà tí a bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé ó yẹ kí a máa béèrè pé: 'Ó pọ́n bí kí ni?'