Ẹ̀nà àti Àrokò: Èdè-Ìperí fún Ààbò Lẹ́tà orí Fóònù

Ní Ìjòkù, ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́tàlá tí ó para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, oníṣòwò lè jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ kí ó fi fóònù kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Èkó, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ímeèlì. Bí ó bá fẹ́ dáàbò bo lẹ́tà náà, "ààbò" nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé ohun tí yóò ṣe. Oríṣi ààbò méjì ni ó wà, ẹni tí ó bá sì ka méjèèjì sí ọ̀kan lè rò pé àṣírí òun bò nígbà tí kò bò.

Èkíní ni ààbò ọ̀nà. Ẹni tí ó ń to lẹ́tà sórí fóònù yóò kọ àdírẹ́sì rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà, àti nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà: 993 ni ó wọ́pọ̀ fún gbígba lẹ́tà, 465 tàbí 587 fún fífi í ránṣẹ́. Ìlànà TLS, tí ó jáde ní 1999, ni ó ń bo lẹ́tà láàárín fóònù àti ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Olè ojú ọ̀nà kò lè kà á, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà lè kà á.

Èkejì ni ààbò ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí kọ́kọ́rọ́ ṣe lè jẹ́ méjì: gbogbo ayé lè ní èyí tí ń tì í, ẹni tí ó ni lẹ́tà nìkan ni ó ní èyí tí ń ṣí i. Ní 1991, Phil Zimmermann gbé PGP jáde, tí ó mú ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Bí fóònù bá sọnù tòun ti kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ẹ̀dà, lẹ́tà tí a fi tì di àwátì.

Orúkọ wo ni ó yẹ iṣẹ́ yìí? Àrokò ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun èlò ni àrokò fi ń dípò ọ̀rọ̀: ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí ìfàmọ́ra, nítorí pé "ẹ̀fà" àti "fà" jọ ní ìró. Ẹ̀nà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀ ní 1982, ni ó súnmọ́ ọn jù. Nínú ẹ̀nà, ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ń yí padà ní ìlànà tí olùgbọ́ lè fi tú u. Ìyàtọ̀ kan ni pé ẹni tí ó mọ ìlànà ẹ̀nà ti tú u tán. Ti fóònù, ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí.

Nítorí náà, "ààbò ọ̀nà" ni ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ ti èkíní, "ìsọdẹ̀nà" àti "ìtúẹ̀nà" ti èkejì, pẹ̀lú "kọ́kọ́rọ́ ìtagbangba" àti "kọ́kọ́rọ́ àdáni". Bí fóònù bá lè kọ "ààbò ọ̀nà nìkan" sójú rẹ̀, oníṣòwò Ìjòkù yóò mọ ohun tí kò yẹ kí ó kọ sínú lẹ́tà náà.