Bí A Ṣe Ń Tún Kabúrétọ̀ Alùpùpù Ṣe Lẹ́yìn Ìyípadà Sàlẹ́ńsà àti Asẹ́ Afẹ́fẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi alùpùpù jẹun ní ìpínlẹ̀ wa ni kì í fi í sílẹ̀ bí iléeṣẹ́ tí ó ṣe é ti gbé e jáde. Àwọn kan a gé inú sàlẹ́ńsà rẹ̀ kúrò kí ìró rẹ̀ lè ròkè. Àwọn mìíràn a yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fíltà, nítorí wọ́n gbà pé ẹ́ńjìnnì yóò lè mí dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi alùpùpù ṣe fàájì náà a máa ra sàlẹ́ńsà mìíràn rọ́pò ti iléeṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí olówó alùpùpù àti mẹkáníìkì rẹ̀ jọ mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì padà ti yí ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì náà ń fẹ́ padà pẹ̀lú. Bí a kò bá tún kabúrétọ̀ ṣe kí ó bá ìyípadà náà mu, ẹ́ńjìnnì tí ń bọ́ odidi ilé lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Iṣẹ́ kabúrétọ̀ kò ṣòro láti lóye. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nínú rẹ̀ há ní àárín bí ọrùn kèrègbè. Bí písítìnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ náà a sáré sí i níbi tí ọ̀nà gbé há, agbára tí ó fi ń tẹ nǹkan a sì dín kù níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Giovanni Battista Venturi, kọ̀wé lórí ìṣesí yìí ní ọdún 1797, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ọ̀nà híhá bẹ́ẹ̀ títí di òní. Nítorí èyí, epo tí ó wà nínú ago kékeré lábẹ́ kabúrétọ̀ a gba inú jẹ́ẹ̀tì gòkè, a sì dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ bí ìrì. Idẹ kékeré tí a lu ihò sí láàárín ni jẹ́ẹ̀tì: bí ihò náà bá ti tóbi tó ni epo tí yóò jáde yóò ti pọ̀ tó. Kí giramu 1 epo bẹntiróòlù tó lè jó tán, ó nílò nǹkan bí giramu 14.7 afẹ́fẹ́. Nígbà tí a bá ń sá eré àsápajúdé, ẹ́ńjìnnì a fẹ́ epo díẹ̀ sí i: ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti wà láàárín giramu 12.5 sí 13 sí giramu epo kan ni agbára rẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù.

Iléeṣẹ́ yan jẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú sàlẹ́ńsà àti asẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i lọ́kàn. Asẹ́ afẹ́fẹ́ àti àpótí rẹ̀ ń dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀, ìdádúró yìí sì wà lára ohun tí ń mú kí epo gòkè. Bí a bá yọ wọ́n, afẹ́fẹ́ a pọ̀ sí i, agbára tí ń fa epo gòkè a sì dín kù. Bí sàlẹ́ńsà bá tún ṣí sílẹ̀, èéfín a tètè jáde, afẹ́fẹ́ a sì tún pọ̀ sí i. Epo kò tó afẹ́fẹ́ mọ́ nìyẹn. Alùpùpù bẹ́ẹ̀ a máa kọ́sẹ̀ bí a bá yí tọ́rọ́tù, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń mú un sáré, lójijì; a máa yìnbọn nínú sàlẹ́ńsà bí a bá dẹ ọwọ́ náà; a sì máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, fáàfù lè jó, orí písítìnì sì lè yọ́ tàbí kí ó há mọ́ sílíńdà.

Epo tí ó pọ̀ jù náà kò dára. Èéfín dúdú ni yóò máa rú, púlọ́ọ̀gì yóò máa kún fún èédú, epo yóò sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ṣùgbọ́n èyí máa ń kìlọ̀ fún ni. Imú a gbọ́ òórùn rẹ̀, àpò a sì mọ̀ ọ́n lára. Èyí tí epo rẹ̀ kò tó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ara rẹ̀ yá gágá, olówó rẹ̀ a sì máa yọ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní ọdún 2023, àwọn kan tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń dín epo inú kabúrétọ̀ kù kí wọ́n lè fi owó pamọ́. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó písítìnì àti ríńgì tuntun.

Kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì, kí ó yẹ rọ́bà tí ó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì wò. Bí ó bá ti sán, afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kabúrétọ̀ kọjá yóò máa wọlé, kò sì sí jẹ́ẹ̀tì tí yóò wo àrùn yẹn sàn. Gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì náà ṣe pàtàkì, nítorí bí ó bá ń jò, alùpùpù lè máa yìnbọn bí ẹni pé epo ni kò tó.

Lẹ́yìn èyí, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ó ń pèsè epo nígbà tí tọ́rọ́tù bá ti kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Fún sàlẹ́ńsà nìkan, ìwọ̀n kan tàbí méjì sókè sábà máa ń tó. Bí asẹ́ náà bá yí padà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí a máa gùn lọ, kí a sì gbé alùpùpù jáde lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ní ọ̀nà tí kò sí èrò, pẹ̀lú akoto lórí. Bí a bá ṣí tọ́rọ́tù tán, tí a dẹ ẹ́ díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì yára sí i dípò kí ó rọ̀, epo kò tíì tó. A kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ kan wé ti òmíràn: ìwọ̀n ihò ni Keihin ń kọ sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n lára irú jẹ́ẹ̀tì Mikuni kan, iye epo tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Àṣà kíki wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ bọ ihò jẹ́ẹ̀tì kí ó lè fẹ̀ kò bójú mu rárá, nítorí ẹni tí ó ṣe é kò lè mọ ìwọ̀n tí ó kù síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gígùn inú kabúrétọ̀ ni ó kàn. Òun ni ó ń ṣàkóso láti ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́rọ́tù títí dé ìdá mẹ́ta, ibi tí ọlọ́kadà sì máa ń lò jù láàárín ìlú nìyẹn. Bí a bá gbé e sókè ní ojú kan, epo a pọ̀ sí i. Àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn kò ní ju ojú kan lọ. Wáṣà tín-ín-rín ni a ń fi sí abẹ́ irú wọn.

Sílóò ni a ń fi parí rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Bí síkúrúù rẹ̀ bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, epo ni ó ń ṣàkóso: bí a bá tú u síta, epo a pọ̀. Bí ó bá wà ní ìhà asẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣàkóso: bí a bá tú u síta, epo a dín kù. Kí a rọra dè é títí yóò fi dúró, kí a wá tú u ní ìgbà kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀, kí a sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìró ẹ́ńjìnnì yóò fi yára jù tí yóò sì dọ́gba. Bí ó bá béèrè ju ìgbà mẹ́ta lọ, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni kí a pààrọ̀.

Púlọ́ọ̀gì tuntun ni ẹlẹ́rìí iṣẹ́ náà. Kí a fi sáré díẹ̀, kí a sì tú u wò: bí ó bá funfun bí ẹfun, epo kò tó, bí ó bá dúdú tí ó gbẹ bí èédú, epo pọ̀ jù, àwọ̀ ilẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni a ń wá.

Ní ti asẹ́, ìmọ̀ràn wa yàtọ̀ sí ti sàlẹ́ńsà. Ẹni tí ń gùn ún lójú ọ̀nà eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ láé, bí ó ti wù kí a tún kabúrétọ̀ ṣe tó. Yanrìn kíkúnná tí ó bá wọlé yóò lọ ríńgì àti sílíńdà bí ọlọ. Ní ti ariwo, kí ẹni tí ó fẹ́ ṣí sàlẹ́ńsà rántí pé àjọ NESREA ti ní ìlànà lórí ariwo láti ọdún 2009, àti lórí èéfín ọkọ̀ láti ọdún 2011.

Ìta gbangba ni kí a ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì kábọ́ọ̀nù mónósáìdì nínú, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì. Kí a kọ nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti iye ìgbà tí a yí síkúrúù sílẹ̀, kí a sì kó àwọn ohun tí a yọ pamọ́ sínú agolo kan, nítorí ẹni tí yóò ra alùpùpù náà lọ́la lè fẹ́ dá a padà sí bí ó ti wà.