Ìlérí tí kò ṣẹ lórí Sọ́fítíwíà: Ọ̀nà tí Olùkọ́ lè gbà Béèrè Ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Oníbàárà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìlérí ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà tí òǹtajà ṣe fún oníbàárà tí kò sì mú ṣẹ. A fi ìrírí àwa olùkọ́ mẹ́rìnlá ṣe àpẹẹrẹ, a ṣàlàyé ohun tí òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 sọ, àtẹ̀gùn tí ẹ̀sùn ń gùn, àti irú ẹ̀rí tó ń gbé ẹ̀sùn dúró. Èrò wa ni pé ìlérí jẹ́ ara ọjà tí a fowó rà, àti pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a sanwó ló máa ń pinnu bóyá a ó rí nǹkan gbà padà. A dá a lábàá pé kí kíkọ ìwé ẹ̀sùn wọ inú ohun tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di olùkọ́.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ra iṣu lọ́jà mọ ibi tí ìyá oníṣu ń jókòó sí. Bí iṣu náà bá jẹrà nínú, yóò gbé e padà lọ bá a lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ọjà sọ́fítíwíà kò rí bẹ́ẹ̀. À ń sanwó fún ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn, lọ́wọ́ ẹni tí a kò fojú rí, nígbà mìíràn sì rèé, apá kan ohun tí a sanwó fún kò tíì sí rárá. Wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, tí a sì gbé e mì. Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé owó náà kò tó ohun à ń bá ènìyàn fà. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ọ̀nà wà, pé ọ̀nà náà kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n pé ẹni tí kò kó ẹ̀rí dání kò lè rìn ín já.

2.0 Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwa olùkọ́ mẹ́rìnlá láti ẹ̀ka èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò dáwó jọ láti ra sọ́fítíwíà tí a lè fi kọ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san 45,000 náírà. Ẹ̀dà tí a gbà lè kọ ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n kò lè gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ lórí. Ìdí kan wà fún ìṣòro yìí. Nínú Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń to àmì ohùn mọ́ lẹ́tà náà, sọ́fítíwíà tí a kò sì kọ́ ní bí a ti ń tò ó yóò gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ.

Òǹtajà mọ èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó rẹ̀, tó tún sọ ọ́ lórí WhatsApp, pé ẹ̀dà kejì tó ń gbé àmì ohùn yóò tẹ̀ wá lọ́wọ́ láàrin oṣù 6, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlérí yìí gan-an ni a torí rẹ̀ rà á. Nígbà tí oṣù keje dé, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fi 20,000 náírà kún owó wa kí a tó rí ẹ̀dà kejì gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní ọdún ìkẹyìn tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn láìsí àmì, wọ́n sì ń fi báírò fi àmì sí i lójú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà yóò mọ ohun tí ojú wọn rí.

3.0 Ohun tí òfin sọ

Láti ọdún 1992 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dá àjọ ààbò oníbàárà sílẹ̀. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ni òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òun ló dá àjọ tí a mọ̀ sí FCCPC sílẹ̀. Abala mẹ́rin nínú òfin náà ló kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ.

Abala 114 ní kí a fi èdè tó yé oníbàárà kọ ohunkóhun tí òfin bá ní kí a kọ fún un. Abala 125 ka ìtànjẹ léèwọ̀: ẹni tó ń polówó ọjà kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, tàbí ohun tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nípa kókó ọjà náà. Abala 130 ní kí ẹni tó gbà láti ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà ṣe é lákòókò, kí ó sì tètè kéde bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà. Bí ó bá kùnà, oníbàárà lè ní kí ó ṣàtúnṣe, tàbí kí ó dá ìwọ̀n tó yẹ padà nínú owó náà. Ẹ̀dà tí a ó ṣe lẹ́yìn títà jọ iṣẹ́ ju ọjà orí igbá lọ, ìdí nìyí tí a fi gbára lé abala yìí. Abala 146 ló wá sọ ibi tí a lè gbé ẹ̀sùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí gbólóhùn náà, ìwọ̀n tó yẹ. Òfin kò ṣèlérí pé gbogbo owó ni yóò padà. Sọ́fítíwíà wa ṣiṣẹ́ dé àyè kan, a sì ti lò ó. Ẹni tó bá béèrè gbogbo owó rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé apá kan ni kò rí gbà, ó ti fún òǹtajà ní ohun tí yóò fi bá a jiyàn.

4.0 Àtẹ̀gùn ẹ̀sùn

Òfin kò fi dandan lé e pé kí a gun àtẹ̀gùn yìí ní ìkọ̀ọ̀kan. Oníbàárà lè lọ sí kóòtù tààrà. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyí tí a fi tò ó báyìí.

4.1 Kíkó ẹ̀rí jọ: Ohun mẹ́ta ni a nílò, èyíinì ni ẹ̀rí pé a sanwó, ẹ̀rí ìlérí, àti ẹ̀rí pé ọjọ́ ti kọjá. Rìsíìtì tàbí àkọsílẹ̀ báńkì ni ti àkọ́kọ́. Fún ti èkejì, kí a ya àwòrán ojú fóònù tó gbé ọ̀rọ̀ òǹtajà pẹ̀lú déètì rẹ̀, kí a sì tọ́jú ìwé ìpolówó, nítorí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lè yí padà lóru ọjọ́ kan.

4.2 Kíkọ̀wé sí òǹtajà: Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lórí ìwé. Oṣù méjì gbáko ni a fi ń pe òǹtajà tiwa lórí fóònù, kò sì sí ohun kan tí a lè fi hàn fún un. Lẹ́yìn náà ni a kọ lẹ́tà tí ara rẹ̀ lọ báyìí:

“Ní ọjọ́ tí a sanwó, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó fún wa ní ẹ̀dà kejì lọ́fẹ̀ẹ́ láàrin oṣù 6. Oṣù 6 ti pé, a kò rí i. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín àti rìsíìtì wa wà nínú ìwé yìí. Ohun méjì ni a béèrè, kí ẹ sì mú ọ̀kan: kí ẹ fún wa ní ẹ̀dà náà, tàbí kí ẹ dá 20,000 náírà padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ó jẹ́ iye rẹ̀. A ń retí èsì láàrin ọjọ́ 14. Bí kò bá sí èsì, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ FCCPC.”

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ó ní ohun tí a ṣèlérí, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a fẹ́, àti gbèdéke ọjọ́.

4.3 Dídáhùn àwáwí: Àwáwí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà náà ló fà á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òǹtajà ni a sanwó fún, òun náà ló ṣèlérí. Èkejì ni pé ìrètí lásán ni àwọn sọ, kì í ṣe ìlérí. Níbí ni ọ̀rọ̀ gan-an ti ń ṣiṣẹ́: “a ó fún yín” yàtọ̀ sí “a ń gbèrò láti fún yín.” Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì ni wọ́n kọ, ẹ̀sùn náà kò lágbára. Ẹ̀kẹta ni pé a ti tẹ “mo gbà” sí àdéhùn tó sọ pé wọ́n lè yí ohunkóhun padà. Òfin ọdún 2018 kò fàyè gba àdéhùn tó ń rẹ́ oníbàárà jẹ, nítorí náà kí èyí má ṣe lé wa sẹ́yìn.

4.4 Àjọ ìjọba: Bí òǹtajà bá wà lábẹ́ àjọ kan pàtó, a lè lọ bá àjọ náà. Ọ̀rọ̀ ìsokọ́ra fóònù, fún àpẹẹrẹ, NCC ló ni ín. Bí kò bá sí irú rẹ̀, FCCPC ni. Abuja ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n a lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi ẹsẹ̀ rin ìrìn-àjò. Fún àwa tí òǹtajà wa wà ní ìlú mìíràn, èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé ṣe.

4.5 Kóòtù: Láti ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù fún gbèsè kéékèèké, níbi tí a ti lè béèrè owó tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Kò pọn dandan kí a gba agbẹjọ́rò. A kò dé ibẹ̀ ní tiwa.

5.0 Ibi tí ọ̀rọ̀ wa parí sí

Ọjọ́ 14 kọjá, èsì kò dé. Lẹ́yìn tí a fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àjọ náà ni òǹtajà pè wá fúnra rẹ̀. Ó dá 15,000 náírà padà fún ẹni mọ́kànlá. Àwọn mẹ́ta yòókù kò rí nǹkan kan gbà, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi san owó fún aṣojú òǹtajà, wọn kò sì gba rìsíìtì. Ọ̀kan nínú wọn ló dábàá pé kí a ra sọ́fítíwíà náà. Òfin fi dandan lé òǹtajà láti fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà, ṣùgbọ́n bí a kò bá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Àwa mọ́kànlá dáwó díẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn náà kò tán.

6.0 Ẹ̀kọ́ láti òkè òkun

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2006, kí Windows Vista tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n lẹ àmì mọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà pé wọ́n lè gbé Vista. Àwọn kan nínú wọn kò lè gbé ju ẹ̀dà tó kéré jù lọ. Àwọn oníbàárà gbé Microsoft lọ sí kóòtù ní Seattle ní ọdún 2007. Ní oṣù kejì ọdún 2008, adájọ́ gbà pé kí wọ́n pẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2009 ó yí i padà, nítorí ẹ̀rí tí wọ́n mú wá nípa àdánù gbogbo wọn kò tó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹ̀rí tirẹ̀ dání.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti ní kí àwọn tó ń ṣe ohun èlò tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, bíi fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, sọ iye àkókò tí àtúnṣe ààbò yóò fi máa wá, ó kéré tán. Ìbéèrè yẹn yẹ ní ẹnu àwa náà kí a tó sanwó: títí di ìgbà wo?

7.0 Lílò rẹ̀ ní kíláàsì

A ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ti ìtọrọ àyè ni a sábà máa ń fún wọn kọ. Ìwé ẹ̀sùn yẹ kí ó wà lára wọn. Kí olùkọ́ mú rìsíìtì àti ìwé ìpolówó gidi wá sí kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlérí tó wà nínú wọn yọ, kí wọ́n ya “a ó” sọ́tọ̀ kúrò lára “a lè” àti “a ń gbèrò.” Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ gírámà, ó sì tún jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbé ayé. Bákan náà ni a lè ṣe é ní Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì.

8.0 Ìkádìí àti àbá

A ti ṣàlàyé pé ìlérí ẹ̀dà tuntun jẹ́ ara ohun tí a rà, pé òfin fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀, àti pé ẹ̀rí ni ẹsẹ̀ tí ẹ̀sùn fi ń rìn. A dábàá pé:

(i) kí ẹ̀ka tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra sọ́fítíwíà kọ ìlérí òǹtajà àti gbèdéke rẹ̀ sínú ìwé kan tí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí;

(ii) kí a yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rìsíìtì gbogbo ènìyàn pa pọ̀;

(iii) kí a má ṣe sanwó tán fún ohun tí kò tíì jáde, bí a bá lè dá apá kan dúró;

(iv) kí ìwé ẹ̀sùn wọ inú ẹ̀kọ́ lẹ́tà kíkọ ní gbogbo ẹ̀ka èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa.

Títí di bí a ṣe ń kọ ìwé yìí, a kò tíì rí ẹ̀dà kejì náà gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ka wa tún fẹ́ ra nǹkan mìíràn, kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó, ohùn àwọn olùkọ́ mẹ́ta yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́: “Rìsíìtì dà?”