Láàrin Àjò àti Ilé: Ìgbé Ayé Ojoojúmọ́ Àwọn Oníṣòwò Yorùbá ní Ilẹ̀ Gánà títí di Ọdún 1969

Àṣamọ̀

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣíṣe ní ilẹ̀ òkèèrè bá délẹ̀, ohun tó lé ènìyàn kúrò nílé àti èrè tó mú bọ̀ ni ó sábà máa ń gba ẹnu ẹni. Bébà yìí wo ohun tó wà láàrin méjèèjì, ìyẹn bí ẹni tó lọ fún ìgbà díẹ̀ ṣe ń gbé ayé ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àpẹẹrẹ tó lò ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Góòlù-Kóòsì, tó di Gánà ní 1957. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni àlejò ní láti gbà mú ara rẹ̀ bá ìlú mu: nípa ìbágbépọ̀ pẹ̀lú onílẹ̀, nípa ìdè tó so ó mọ́ ilé, àti nípa òfin. Ó fi hàn pé àwọn oníṣòwò yìí yege nínú méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni ó já lù wọ́n ní 1969.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun tí òwe yìí ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó wà lájò kò tíì fi ilé sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Nítorí náà, kì í ṣe iye ọdún ni ó ń sọ iṣẹ́ òkèèrè di ti ìgbà díẹ̀. Ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó sì lè jẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Èrò àtipadà sílé ni ó ya arìnrìn-àjò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ṣí lọ pátápátá.

Èrò yìí máa ń dá ìṣòro kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ń retí àtilọ kì í fẹ́ ta gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè ṣe iṣẹ́ tó bá lọ ṣe láìta gbòǹgbò rárá. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn, ibi tí yóò sùn, ohun tí yóò jẹ, ẹni tó lè ta ọjà àwìn fún, àti ìwé tí ìjọba ń béèrè. Ìtàn àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Gánà yẹ fún irú àyẹ̀wò yìí nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ hàn, ìgbà tó dàrú sì hàn. Iṣẹ́ J. S. Eades tó jáde ní 1993 lórí àwọn Yorùbá ní àríwá Gánà wà lára àwọn iṣẹ́ tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Ìrìn Àjò Lọ sí Góòlù-Kóòsì

Àjọṣe láàrin ilẹ̀ méjèèjì ti wà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gorí àléfà. Òwò obì wà lára ohun tó so wọ́n pọ̀. Àwọn onímọ̀ èdè so orúkọ irú obì kan tí àwọn Yorùbá ń pè ní gbàǹja mọ́ ilẹ̀ Gonja ní àríwá Gánà, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni obì náà ń gbà wá sí ìhà ìlà-oòrùn. Ní ìgbà ìjọba amúnisìn, kòkó, ojú irin àti ìwakùsà wúrà sọ Góòlù-Kóòsì di ibi tí owó wà. Àwọn ọ̀dọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ fi ẹsẹ̀ rìn la Dàhọ̀mì àti Tógò kọjá, wọ́n sì ru aṣọ tí wọ́n hun nílé láti tà. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù dé, ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ di ti ọjọ́ díẹ̀.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn dá lọ síbi tí kò ti ní ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń pe àbúrò, ọkọ ń pe ìyàwó, ará ilé sì ń pe ará ilé. Nípa báyìí, iye wọn pọ̀ sí i títí tí ètò ìkànìyàn tí ìjọba Gánà ṣe ní 1960 fi ka nǹkan bí 100,000 Yorùbá ní ilẹ̀ náà.

Èdè àti Ìkíni

Èdè ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí àlejò ní láti ṣí. Ní Kumasi àti àwọn ìlú Akan mìíràn, Twi ni èdè ọjà. Ní Accra, Gã ni èdè onílẹ̀, ní Tamale sì rèé, Dagbani ni. Èdè Haúsá ni ó so àwọn àlejò láti ẹ̀yà oríṣiríṣi pọ̀ ní àdúgbò wọn. Oníṣòwò tó bá ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú lè nílò mẹ́ta nínú àwọn èdè yìí, láìjẹ́ pé ó jókòó sí iwájú olùkọ́ kan. Òǹkà, orúkọ ọjà, ìdúnàádúrà àti ìkíni ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé àwọn ni ó ń mú oúnjẹ wá.

Ìkíni fúnra rẹ̀ ju gbólóhùn lọ. Ọmọ Yorùbá tó ti mọ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ láti kékeré bá àṣà mìíràn pàdé. Láàrin àwọn Akan, ẹni tó bá wọ àárín àwùjọ yóò bẹ̀rẹ̀ ìkíni láti ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì máa bọ wọ́n lọ́wọ́ lọ sí òsì. Bí ọkùnrin bá dé iwájú ọba, yóò bọ́ sálúbàtà rẹ̀, yóò sì sọ aṣọ ìbora rẹ̀ kalẹ̀ kúrò ní èjìká. Àwọn nǹkan kan jọra ṣá o. Nílé lóko, àfojúdi ni kí ènìyàn na ọwọ́ òsì sí àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí níbẹ̀. Àlejò tó bá mọ ibi tí àṣà méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà kò di Akan nípa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ẹni tí onílẹ̀ lè bá dòwò pọ̀.

Ibùgbé àti Oúnjẹ

Lábẹ́ àṣà Akan, ilẹ̀ jẹ́ ti àga ọba, ọba sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tíì bí. Àlejò lè gba ààyè láti lò, ṣùgbọ́n kò lè jókòó lórí ilẹ̀ bí ẹni tó jogún rẹ̀. Àdúgbò tí wọ́n sábà máa ń yọ̀ǹda fún àwọn àlejò ni wọ́n ń pè ní Zongo, ọ̀rọ̀ Haúsá tó ń tọ́ka sí ibùdó àwọn oníṣòwò. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn Mùsùlùmí, ti háyà yàrá. Gbígbé pa pọ̀ báyìí mú kí ẹni tuntun tètè rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì mú kí ojú onílẹ̀ máa rí gbogbo wọn bí ìsọ̀rí kan ṣoṣo.

Oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àríwá Gánà jẹ́ ilẹ̀ iṣu, nítorí náà iyán kò ṣọ̀wọ́n. Fùfú tí àwọn Akan ń fi ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà gún kò ṣàjèjì sí ọwọ́ tó ti mọ òkèlè, kenkey tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe sì fara jọ ẹ̀kọ bí ó tilẹ̀ le jù ú lọ.

Ọjà, Àwìn àti Ọmọ Iṣẹ́

Aṣọ, kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yà ara rẹ̀, abọ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú ilé wà lára ohun tí àwọn Yorùbá ń tà. Nǹkan méjì ni ó gbé ọjà wọn ró. Èkíní ni ètò ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n mú wá láti ilé yóò sin ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìgba owó oṣù. Bí ó bá tó àkókò, wọn yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Àwọn obìnrin náà kì í dúró de ọkọ; owó ọjà tiwọn yàtọ̀ sí ti ọkọ, èrè rẹ̀ sì jẹ́ tiwọn. Èkejì ni àwìn. Oníṣòwò tó bá mọ oníbàárà rẹ̀ dáadáa yóò gbé ọjà fún un, yóò sì padà wá gba owó lẹ́yìn ìkórè.

Ètò méjèèjì yìí dúró lórí ìmọ̀ ènìyàn, wọn kò dúró lórí ìwé. Ìyẹn ni agbára wọn, ìyẹn náà sì ni àléébù wọn. Ọmọ onílẹ̀ tó fẹ́ wọ òwò lè wo ìsọ̀ tó kún fún ọmọ ìdílé kan ṣoṣo kí ó sì gbà pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Bákan náà, gbèsè tí kò sí nínú ìwé kò ṣe é gbà lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ bá ti kúrò nílùú.

Ìdè Tó So Wọ́n Mọ́ Ilé

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àwọn ọmọ ìlú kan náà dá ẹgbẹ́ parapọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi ń sin òkú, tí wọ́n fi ń parí ìjà, tí wọ́n sì fi ń dá owó fún ìdàgbàsókè ìlú wọn. Wọ́n ń dá èésú. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó di susu lẹ́nu àwọn ará Gánà. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, dá ìjọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá sin Ọlọ́run. Ẹni tó bá lówó yóò kọ́ ilé sí ìlú bàbá rẹ̀ kí ó tó ronú àtikọ́ òmíràn síbi tó ń gbé.

Fífi owó ránṣẹ́ sílé kò ṣòro nígbà náà, nítorí pé láti 1912 ni ilẹ̀ mẹ́rin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ní àjọ kan tó ń ṣe owó kan náà fún wọn. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀ ní 1958, Nàìjíríà ní 1959, owó sídì sì dé ní 1965. Owó tó jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀ wá di méjì tí ènìyàn kò lè fi òmìnira pààrọ̀.

Ọmọ àti Orúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí àárín àwọn Akan lè ní ilé méjì láti wò. Akan ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ẹtì ní Kofi, ti Àbámẹ́ta ní Kwame, nítorí náà ọmọ kan lè jẹ́ Àyìndé nínú ilé kí ó sì jẹ́ Kofi níta. Ọ̀rọ̀ náà le sí i bí bàbá bá fẹ́ ọmọ Akan. Lójú Yorùbá, ọmọ ti bàbá ni. Lójú Akan, ìdílé ìyá ni ọmọ ti wá, arákùnrin ìyá rẹ̀ ni yóò sì jogún. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìdílé méjì ní ìgbà àlàáfíà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí àlejò máa lọ, ìbéèrè dé nípa ibi tí yóò wà.

Òfin Ọdún 1969

Ní ìgbà ìjọba amúnisìn, ẹni tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Tamale kò kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Òmìnira 1957 ni ó sọ ọ́ di àjèjì, láìjẹ́ pé ó kúrò lójú kan. Òfin tí Gánà ṣe lórí àwọn àjèjì ní 1963 béèrè ìwé àṣẹ ìgbélùú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò wá a nítorí pé kò sí ẹni tó fi dandan lé e. Iye owó kòkó já wálẹ̀ ní 1965, iṣẹ́ wọ́n, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru àlejò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba olóòtú Kofi Abrefa Busia kò tíì pé oṣù méjì lórí oyè, àṣẹ jáde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Ẹni tó ti ń gba gbèsè fún ogún ọdún ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti gbà á. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ìjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nàìjíríà tí wọ́n ń padà sí ṣì wà nínú ogun abẹ́lé. Àwọn tó ti kọ́ ilé sílé rí òrùlé wọ̀ sí. Ti àwọn tó kó gbogbo owó sínú ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Gánà sì bá ara wọn ní ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ̀. Ní 1970, Gánà ṣe òfin mìíràn tó ya òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ náà.

Ohun tí Ìtàn Yìí Kọ́ni

Kì í ṣe Gánà nìkan ni ó ṣe èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ sì jẹ́ ará Gánà. Báàgì alárabarà tí wọ́n fi kó ẹrù ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì ti wà nígbà náà, tó fún ọmọ ilẹ̀ kan láyè láti gbé ní òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ó hàn pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ kò tó láti fi dá ọjà sílẹ̀, àti pé ẹni tó bá kọjá rẹ̀ láìní ìwé padà di aláìlóhùn.

Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá kùnà nítorí pé wọn kò bá onílẹ̀ ṣe. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ ìkíni, wọ́n sì ní oníbàárà tó fọkàn tán wọn. Kò sì tọ̀nà láti sọ pé wọ́n gbàgbé ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ìwà rere lọ́jà wà láàrin ènìyàn méjì, ṣùgbọ́n ìjọba kì í ka ìwà rere. Ìwé ni ó ń kà.

Ìkádìí

Bébà yìí ti ṣàlàyé pé mímú ara ẹni bá ilẹ̀ òkèèrè mu kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó ní apá ti onílẹ̀, ti ilé àti ti òfin, apá kan kò sì lè dípò òmíràn. Ẹni tó ń lọ lónìí, ìbáà jẹ́ Accra tàbí London ni ó forí lé, lè kọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ti lọ rí. Ẹ̀kẹta ni kí ó mójú tó fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti dé: kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ má kọjá àkókò, kí gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ wà lákọsílẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ èdè àti ọ̀nà ilé kí ó tó di pé wọ́n nílò rẹ̀.